Ìbejì mi kan wọlé, èkejì féèlì ìṣirò lẹ́ẹ̀kejì, kò fẹ́ ṣíwèé mọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì (Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Táíwò àti Kẹ́hìndé mi jọ ṣe WAEC. Táíwò yege, ó sì ti wà ní yunifásítì LAUTECH báyìí. Kẹ́hìndé gba kírẹ́díìtì nínú gbogbo iṣẹ́ tó kù, àmọ́ F9 ló gbà nínú ìṣirò. A tún sanwó, ó tún un ṣe, E8 ló gbà. Láti ìgbà tí èsì yẹn ti jáde ni kò ti ṣí ìwé mọ́. Bí mo bá ní kó lọ sí lẹ́sìnì, á ní, "Màámi, orí mi ò gba ìṣirò." Bí àbúrò rẹ̀ bá wálé lópin ọ̀sẹ̀, yàrá ló máa ń wọ̀ títí onítọ̀hún á fi padà.

Bàbá wọn ní kí a fi í sídìí iṣẹ́ ọwọ́ kan tó le, pé bí ojú rẹ̀ bá rí màbo díẹ̀ á sáré padà sídìí ìwé. Àwọn ará àdúgbò náà ń sọ pé kí n má dààmú, pé ìjákulẹ̀ ló ń kọ́ ènìyàn lọ́gbọ́n. Mo ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí wá. N kò rí ọgbọ́n kankan tó kọ́ ọmọ yìí, ìbànújẹ́ ni mo rí. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, ẹ̀yin òbí tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, kí ni kí n ṣe?

Alhaji Onísìmẹ́ńtì (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Ọlọ́run á ṣe é ní ire. Ohun tí bàbá wọn sọ ni mo fara mọ́. Àánú ló ń ba àwọn ọmọ òde òní jẹ́. Ẹ fi í sídìí iṣẹ́, kí oòrùn pa á, kó rí i pé ìwé kíkà sàn ju ìyà lọ. Ìyà tó jẹ wá ló sọ wá dèèyàn.

Aránṣọ Akẹ̀sán (Ọ̀yọ́)

Alhaji, ẹ má bínú sí mi, àgbà ni yín, ṣùgbọ́n n kò lè jẹ́ kí èyí kọjá bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Àwọn òbí máa ń mú ọmọ tó kùnà ìdánwò wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á sì sọ ọ́ lójú ọmọ náà pé, "Ìwé ò lọ, ẹ bá wa mú un." Ọmọ tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn kó tó fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì ti gbà pé ibi tí wọ́n ń kó aláìmọ̀kan dà sí lòun wà. Bó bá gé aṣọ tó bà jẹ́, kò ní bi mí léèrè ohun tó fà á. Á ká a, á tì í sábẹ́ tábìlì. Ohun tó yẹ kí n fi kọ́ ọ ti wà lábẹ́ tábìlì nìyẹn, èmi ò rí i, òun náà ò sì fẹ́ rí i mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ mi. Ọmọ tuntun kì í gé aṣọ oníbàárà. Bébà àpò sìmẹ́ńtì la kọ́kọ́ ń fún un. Á fi téèpù wọ̀n ọ́n, á fi ṣọ́ọ̀kì yà á, á gé e, á rán an bí ẹni tó ń rán aṣọ gan-an. Bó bá bàjẹ́, bébà ló bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó máa pariwo lé e lórí, a ó sì jọ tú u wò láti mọ ibi tó ti wọ́. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ bébà ló ń bọ́ sórí àjákù àǹkárá, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó kan aṣọ ènìyàn.

Bó bá wá kan aṣọ ènìyàn pàápàá, àwọn àṣìṣe kan wà tí mo máa ń fi í sílẹ̀ kó ṣe, àwọn kan sì wà tí n kì í gbà láyè. Ẹ wo ọrùn bùbá. Bí ọmọ bá gé e kéré, kò burú. A ó gbé e wọ orí, kò ní kọjá, òun fúnra rẹ̀ á rí i, a ó tún gé e fẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ̀ ọ́n. Àmọ́ bó bá gé e fẹ̀ jù láti ìbẹ̀rẹ̀, aṣọ ti lọ nìyẹn. Oníbàárà ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, owó aṣọ wà nílẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á dàrú. Ariwo yẹn lọmọ máa rántí, kò ní rántí ìwọ̀n ọrùn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gé e kéré ná.

Ìyá Ìbejì, bí iṣẹ́ yìí bá wu Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀, ẹ mú un wá, a ó gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Bó bá ṣe pé ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ jẹ ẹ́ níyà ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mú un wá.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin

Aránṣọ, ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Tíṣà Ìṣirò (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Kí n tó sọ ohunkóhun, mo ní ìbéèrè kan: ṣé ẹnikẹ́ni nínú ilé ti sọ fún Kẹ́hìndé pé ó gòkè? F9 ni ìsàlẹ̀ pátápátá, E8 ti kúrò níbẹ̀. Òkè E8 ni D7, òkè D7 ni C6, ibẹ̀ ni kírẹ́díìtì ti bẹ̀rẹ̀. Lójú yunifásítì, F9 àti E8 ò yàtọ̀ síra, òótọ́ ni. Lójú ẹni tó ń kọ́ ọmọ, wọ́n yàtọ̀. Àmọ́ mo fura pé ọ̀nà kan náà lẹ gbà gba èsì méjèèjì nínú ilé.

Èyí tó tún ká mi lára ni pé lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan ni èsì yẹn. Kò sẹ́ni tó gbé ìwé ìdáhùn rẹ̀ síwájú rẹ̀ kó sọ pé, "Ibí yìí lo ti yà kúrò lójú ọ̀nà." Ọmọ tó gba E8 lè mọ ìdajì iṣẹ́ dáadáa kó má mọ ìdajì kejì rárá. Ó sì lè jẹ́ pé ó mọ púpọ̀ nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n kí àṣìṣe kékeré kan máa tẹ̀ lé e káàkiri. E8 ò lè sọ èyí tó jẹ́. Nígbà tí ọmọ ò mọ ibi tí nǹkan ti bàjẹ́, ara rẹ̀ ló máa dá lẹ́bi. Ibẹ̀ ni "orí mi ò gbà á" ti jáde.

Ẹ wò ó, mo ń rí èyí lójoojúmọ́ nínú kíláàsì:

2 − 3(x − 4)

Ọ̀pọ̀ ọmọ á kọ ọ́ báyìí:

2 − 3x − 12

Èyí tó tọ́ ni:

2 − 3x + 12

Ọmọ yìí mọ̀ pé òun ní láti fi 3 sọ x di púpọ̀, kóun sì fi 3 sọ 4 di púpọ̀. Ó ṣe ìyẹn. Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú 3 ni kò bá a wọ inú àkámọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyọkúrò méjì tó bá pàdé níbẹ̀ á di àròpọ̀. Àṣìṣe kan ṣoṣo yìí á bá a dé ibi tí wọ́n ti ń wá iye x, á bá a dé ìdí gíráàfù, á bá a dé àwọn ìbéèrè tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀. Á rò pé gbogbo ibẹ̀ lòun ò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ojú ibì kan ṣoṣo ló ti ń kọsẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó sunkún ayọ̀ nígbà tí wọ́n fi èyí hàn án.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe rèé. Ẹ wá ìwé ìbéèrè WAEC ọdún kan. Ìpín àkọ́kọ́ jẹ́ ìbéèrè 50 tí wọ́n ti ń mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin, wákàtí kan ààbọ̀ ni àkókò rẹ̀. Kí Kẹ́hìndé jókòó ṣe é láìsí ẹni tó ń wò ó lójú. Lẹ́yìn náà kí ẹnì kan jókòó tì í, kí wọ́n ṣa àwọn tó gbà ti sápá kan, kí wọ́n wá pín àwọn tí kò gbà: èyí tí kò ka ìbéèrè rẹ̀ dáadáa, èyí tó mọ ọ̀nà ṣùgbọ́n tó ṣìṣe lójú ọ̀nà, àti èyí tí kò mọ̀ rárá. Ti àárín yẹn ni kó kọ́kọ́ dojú kọ, nítorí pé ibẹ̀ ni máàkì ti sún mọ́ ọn jù. Ẹ má tíì dárúkọ ìdánwò sí i létí.

Alhaji Onísìmẹ́ńtì (Ògbómọ̀ṣọ́)

Tíṣà, ọ̀rọ̀ yín gún régé. Aránṣọ, n kò bínú. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn: ìgbà wo ni ọmọ máa wá kọ́ bí a ṣe ń fara da nǹkan? Bí a bá ń yọ gbogbo ẹ̀gún ojú ọ̀nà fún un nínú ilé, ọjọ́ tó bá bọ́ síta ńkọ́? Ayé ò ní fún un ní bébà sìmẹ́ńtì.

Olùkọ́ni Àgbà (Ọ̀yọ́)

Alhaji, ìbéèrè yín tọ́, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn tìṣọ́ra tìṣọ́ra. Iṣẹ́ mi ni kíkọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà nípa bí ọmọ ènìyàn ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mú díẹ̀ wá nínú ohun tí àwọn olùwádìí ti rí.

Lọ́dún 1967, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Martin Seligman àti Steven Maier, fi ajá ṣe ìwádìí kan. Iná mànàmáná ń ta àwọn ajá kan, ṣùgbọ́n bí ajá náà bá fi orí tẹ nǹkan kan, iná á kú. Wọ́n so ti àwọn ajá mìíràn pọ̀ mọ́ tiwọn: ìgbà tí iná bá ta ti àkọ́kọ́ ló ń ta tiwọn, ìgbà tó bá kú fún ti àkọ́kọ́ ló ń kú fún tiwọn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i. Ìyà kan náà ni wọ́n jọ jẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó gbogbo wọn lọ síbi tí ajá ti lè fo ìdènà kékeré kan kó bọ́ lọ́wọ́ iná. Àwọn tó ti rí iná pa fúnra wọn fò ó. Nínú àwọn yòókù, púpọ̀ ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀ tí wọ́n ń gba iná sára, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà wà ní ṣíṣí níwájú wọn. Ní 2016 àwọn ọ̀mọ̀wé méjèèjì tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, wọ́n ní dídùbúlẹ̀ yẹn ni ara máa ń ṣe fúnra rẹ̀ bí ìyà bá pẹ́ lára. Pé ohun tí ẹ̀dá ní láti kọ́ ni pé agbára wà lọ́wọ́ òun láti yí nǹkan padà.

Nítorí náà, Alhaji, ìyà nìkan kì í kọ́ ènìyàn ní ìfaradà. Ìyà tí ènìyàn ti rí ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ rí, tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i, òun ló ń kọ́ ọ. Kẹ́hìndé ti ṣe ìdánwò kan náà lẹ́ẹ̀kejì, kò sì rí i pé ohun tí òun ṣe mú àyípadà wá. Bí a bá tún fi ìyà mìíràn lé e, kí ni yóò kọ́ níbẹ̀?

Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Wíwo ẹ̀yìn yẹn ò rọrùn o. Ní 2019, Lauren Eskreis-Winkler àti Ayelet Fishbach ní Chicago bi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè tó ní ìdáhùn méjì péré. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé èyí tí wọ́n mú tọ̀nà, wọ́n sọ fún àwọn kan pé èyí tí wọ́n mú kò tọ̀nà. Ẹ rò ó wò: bí ìdáhùn bá jẹ́ méjì, tí wọ́n sì sọ fún mi pé èyí tí mo mú ò tọ̀nà, mo ti mọ èyí tó tọ̀nà nìyẹn. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n tún bi wọ́n, àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n kùnà kò rántí tó àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n gbà á. Ìkùnà dùn wọ́n, wọ́n sì gbé ojú kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìkùnà ẹlòmíràn ni wọ́n fi hàn wọ́n, ojú wọn ò kúrò, wọ́n kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀. Mo fẹ́ kí Ìyá Ìbejì fi apá ìkẹyìn yìí sọ́kàn dáadáa.

Ọmọ Àyàn (Ọ̀yọ́)

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún ti Olùkọ́ni. Ní agboolé wa, kànnàǹgó kékeré la máa ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́. Bí ọ̀pá bá ṣi ìlù lù, àgbà tó jókòó tì í kì í dá a dúró láti bá a wí. Á kàn lu èyí tó tọ́ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọmọ á gbọ́ méjèèjì pọ̀, tirẹ̀ àti ti àgbà, á sì bá a lọ. Àṣìṣe àti àtúnṣe ò jìnnà síra rárá. Èsì WAEC máa ń ju oṣù kan lọ kó tó jáde. Nígbà náà, ta ló tún rántí ohun tó kọ?

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin

Ẹ jọ̀ọ́ Olùkọ́ni, èyí tó yege ńkọ́? Nílé tiwa, àkọ́bí mi ni gbogbo ènìyàn ń pè ní "ọpọlọ pípé". Ṣé ó burú?

Olùkọ́ni Àgbà (Ọ̀yọ́)

Ìbéèrè gidi nìyẹn, Ìyá, ó sì kan Táíwò náà. Ní 1998, Claudia Mueller àti Carol Dweck fún àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní Amẹ́ríkà ní iṣẹ́ kan tí wọ́n lè ṣe. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, wọ́n yin àwọn kan pé ọpọlọ wọn pé, wọ́n yin àwọn kan pé wọ́n sapá gan-an. Wọ́n wá fún gbogbo wọn ní èyí tó le tí wọ́n á kùnà nínú rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n fún wọn ní èyí tó rí bíi ti àkọ́kọ́. Àwọn tí wọ́n yìn fún ìsapá ṣe dáadáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn tí wọ́n yìn fún ọpọlọ pípé lọ sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n sì ní kí wọ́n kọ máàkì tí wọ́n gbà fún ọmọ mìíràn tí wọn ò mọ̀ rí, àwọn wọ̀nyẹn ló purọ́ jù.

Ẹ rí i pé oríyìn ni wọ́n fún ọmọ, kì í ṣe èébú. Ṣùgbọ́n bí yíyege bá túmọ̀ sí pé orí mi pé, kíkùnà á wá túmọ̀ sí pé orí mi ò pé. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ohun tó le. Ẹ yin ọmọ, ẹ má fi ìyìn du ọmọ láéláé, àmọ́ ẹ yìn ín lórí ohun tó ṣe: "O tún ìṣirò yẹn wò lẹ́ẹ̀mejì kí o tó fi sílẹ̀, mo rí i."

Akẹ́kọ̀ọ́ Under-G (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH lèmi náà. Nínú ẹgbẹ́ ìkàwé wa, òfin kan wà: kí oníkálukú mú ìbéèrè tí kò gbà wá, kì í ṣe èyí tó gbà. A ó gbé e sí àárín, ẹni tó ni ín á sọ ohun tó ń rò nígbà tó kọ ìdáhùn yẹn, ẹlòmíràn á wá ibi tó ti yà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ibi tí ẹlòmíràn ti kọsẹ̀ ni mo ti ń rí tèmi, èyí tó bá ohun tí Olùkọ́ni sọ mu.

Ìyá Ìbejì, ẹ má sọ Táíwò di tíṣà Kẹ́hìndé o. Ìyẹn á tún dùn ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pàápàá torí pé òun lẹ̀gbọ́n. Kàkà bẹ́ẹ̀, kí Táíwò mú ìwé tẹ́ẹ̀sì MTH 101 rẹ̀ wálé, èyí tí wọ́n fi bírò pupa fà yẹ́bẹyẹ̀bẹ. Kò sí ẹni tó wà ní 100 level tí kò ní irú ẹ̀. Kó gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ wá ibi tó ti bàjẹ́.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀wódé (Ọ̀yọ́)

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi Ìyá Ìbejì: ṣé ọmọ ń jẹun? Ṣé ó ń sùn? Ṣé ó ti sọ ọ̀rọ̀ kan rí pé ó sàn kóun má sí láyé? Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá wà, ẹ pa ọ̀rọ̀ ìwé tì ná, ẹ mú un lọ rí dókítà, ẹ má sì dá a fi sílẹ̀ lóun nìkan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú. Àwọn òbí máa ń rò pé ọmọ ń ṣe ìmẹ́lẹ́ nígbà tó jẹ́ pé àárẹ̀ ti mú ọkàn rẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́)

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń bá mi tajà lọ́sàn-án, kò sì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ìwé nìkan ló kọ̀. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ sí bàbá wọn létí. Tíṣà, ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé ó gòkè. Màá sọ fún un lónìí. Táíwò ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Ẹtì.

Alhaji Onísìmẹ́ńtì (Ògbómọ̀ṣọ́)

Mo ti kà á yé. Ohun tí ajá yẹn ṣe wọ̀ mí létí. Síbẹ̀ n kò ní yí ohùn mi padà pátápátá: ọmọ tí a bá kẹ́ jù á bàjẹ́. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a máa ń fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kà lókè yìí, ọwọ́ ọ̀tún ni. Òsì ńkọ́?

Olùkọ́ni Àgbà (Ọ̀yọ́)

Alhaji, ẹ̀yin náà ní apá kan nínú òótọ́ yìí. Bí iṣẹ́ bá rọrùn jù, ọmọ ò ní kọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Manu Kapur ṣe ìwádìí kan ní Singapore tó gbé jáde ní 2010. Ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìṣòro tó le kí wọ́n tó kọ́ wọn ní ọ̀nà rẹ̀ rárá. Wọ́n jìjàkadì, wọn ò rí i yanjú dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá tí wọ́n fún wọn ní ìdánwò lórí rẹ̀, wọ́n ṣe é ju àwọn tí wọ́n ti là á yé láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ọwọ́ òsì tí ẹ ń sọ nìyẹn: kí a jẹ́ kó jà á ná, kí a má sáré fún un ní ìdáhùn. Ṣùgbọ́n kí a má yọ máàkì nígbà ìjàkadì yẹn, kí a má sì tú ọmọ fó lójú ẹgbẹ́. Kí àlàyé sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà.

Aránṣọ Akẹ̀sán (Ọ̀yọ́)

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Bí ọmọ bá ń rán kọ́là tó ń wọ́, n kì í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Màá ní kó tú u, kó tún un rán, kó tún un tú. Inú á bí i. Mo fi í sílẹ̀ kínú bí i. Àmọ́ mo wà níbẹ̀, àjákù aṣọ sì wà nílẹ̀.

Alhaji Onísìmẹ́ńtì (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ó yé mi báyìí. Ìyá Ìbejì, bí ẹ bá ti dé orí ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ìdánwò, ẹ jẹ́ kí Kẹ́hìndé dá díẹ̀ nínú owó rẹ̀ láti inú ohun tó ń rí lórí ọjà tó ń bá yín tà. Ohun tí ènìyàn bá fi owó ara rẹ̀ rà kì í fi ṣeré.

Ìyá Ìbejì (Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Ọlọ́run á bá mi san án fún gbogbo yín.

Táíwò wálé, ó mú ìwé tẹ́ẹ̀sì náà dání gẹ́gẹ́ bí ọmọ Under-G ṣe wí. Kò sọ nǹkan kan, ó jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bá mi wò ó, wọ́n fi òdo lé e." Kẹ́hìndé kọ́kọ́ yíjú. Nígbà tó pẹ́, mo gbọ́ tó ń bi í pé, "Kí ló dé tí àmì yìí fi yí padà níbí?" Àwọn méjèèjì jókòó sídìí ẹ̀ títí oúnjẹ alẹ́ fi tutù. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló bi mí pé ibo ni mo kó ìwé ìbéèrè WAEC sí.

Ó ti ṣe ìpín àkọ́kọ́, ó sì pín àṣìṣe rẹ̀ bí Tíṣà ṣe ní kó ṣe. Èyí tó pọ̀ jù wà láàárín: ó mọ ọ̀nà, ó ṣìṣe lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ àmì ìyọkúrò àti àkámọ́ yẹn pọ̀ níbẹ̀ gan-an, Tíṣà, àfi bí ẹni pé ẹ ti rí ìwé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bàbá wọn ti ní kí a fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ ná. Ṣé kí a forúkọ sílẹ̀ báyìí àbí kí a dúró?

Tíṣà Ìṣirò (Ògbómọ̀ṣọ́)

Inú mi dùn jọjọ! Ẹ bá mi kí Kẹ́hìndé, kí ẹ sì sọ fún un pé tíṣà kan tí kò mọ̀ ọ́n rí ní iṣẹ́ tó ṣe lórí pípín àṣìṣe yẹn dára gan-an.

Ẹ má kánjú forúkọ sílẹ̀. WAEC fún àwọn tó ń dá ṣe é wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ní oṣù kìíní sí oṣù kejì, òmíràn tún wà ní ìdajì kejì ọdún. Ti NECO fún àwọn tí kò sí nílé ìwé máa ń wà ní oṣù kọkànlá sí ìkejìlá. Àyè wà. Kó kọ́kọ́ lọ sórí ìpín kejì, nítorí pé ibẹ̀ ni máàkì 100 wà, ti ìpín àkọ́kọ́ jẹ́ 50. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni. Apá A ní ìbéèrè 5, dandan ni gbogbo rẹ̀, máàkì 40. Apá B ní 8, yóò mú 5 níbẹ̀, máàkì 60. Ní ìpín kejì yìí wọ́n ń fún ọmọ ní máàkì fún ọ̀nà tó gbà, kódà bí ìdáhùn ìkẹyìn ò bá tọ̀nà. Ọmọ tí àṣìṣe rẹ̀ wà láàárín bíi tirẹ̀, bó bá kọ gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láì fò ó, á rí máàkì kó.

Nǹkan mìíràn tí ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀: WAEC máa ń gbé ìròyìn àwọn ọ̀gá olùyẹ̀wò sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n mú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, wọ́n sọ ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kùnà àti ohun tó yẹ kí wọ́n kọ. Ìkùnà àwọn ẹlòmíràn tí Olùkọ́ni ń sọ ló kún ibẹ̀ yẹn. Kó máa ka ti ọdún kan lẹ́yìn tó bá ti ṣe ìbéèrè ọdún náà tán, kó má kà á ṣáájú.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin

Tíṣà, kí ló dé tí kò fi yẹ kó kà á ṣáájú?

Tíṣà Ìṣirò (Ògbómọ̀ṣọ́)

Nítorí pé bó bá ti dán an wò fúnra rẹ̀ ná, kódà bó kùnà, ìdáhùn tó bá rí lẹ́yìn náà á dúró lórí rẹ̀ ju èyí tó kàn kà lásán lọ. Àwọn olùwádìí ti fìdí èyí múlẹ̀ pẹ̀lú, Nate Kornell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé tiwọn jáde ní 2009. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ kó pẹ́ kó tó rí ìdáhùn náà. Lọ́jọ́ kan náà ló dára jù.

Ìyá Ìbejì (Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ó ti yé mi. Ìbéèrè kan ló kù: kírẹ́díìtì mìíràn tó ti ní, ṣé ó máa tún gbogbo rẹ̀ ṣe ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Under-G (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gba ìjókòó méjì, ìyẹn ni pé ó lè so èsì ìṣirò tuntun pọ̀ mọ́ ti WAEC tó ti ní. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀ẹ̀mẹta lápapọ̀ kì í wọlé, nítorí náà ẹ yan ọ̀kan nínú àwọn èsì tó ti ní tẹ́lẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ èyí tó ń bọ̀. Àwọn iṣẹ́ kan bí ìmọ̀ ìṣègùn, láwọn ilé ìwé kan, ìjókòó kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ilé ìwé tó fẹ́ lọ àti ẹ̀ka tó fẹ́ kà, kí ẹ mọ iye iṣẹ́ tó yẹ kó tún ṣe.